Ẹ Kọ́ Ọmọ Ní Ìdáríjì, Ẹ Má Gba Iyì Rẹ̀ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ọ̀ràn tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, èmi kọ́ ni mo lọ wá a kiri. Òun ni ó wá mi wá sí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ní ìlú Ṣakí níhìn-ín.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, bí a ti kírun tán, tí oníkálukú ń wá bàtà rẹ̀, ọkùnrin kan tí ó ń ta èlùbọ́ fa ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́ wá bá mi. Ọmọ náà kò ju ọdún méjìlá lọ. Ilé-kéwú mi ni ó ti ń kọ́ wàláà ní ìrọ̀lẹ́, ilé-ìwé ìjọba ni ó sì ń lọ ní òwúrọ̀. Baba rẹ̀ tú aṣọ kan jáde láti inú ọ̀rá, ó tẹ́ ẹ síwájú mi. Ìbòrí funfun ni. Ó ti fàya ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹfun ìkọ̀wé sì bò ó. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta nínú kíláàsì rẹ̀ ni ó fà á yọ ní orí rẹ̀, tí wọ́n sì fi nu pátákó. Olùkọ́ kan wà níbẹ̀. Ó ní eré ọmọdé ni.

Kí n tó la ẹnu, àwọn tí ó dúró yí wa ká ti pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ní kí á kó àwọn ọ̀dọ́ jọ ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kí á lọ fi ojú àwọn ará ilé-ìwé náà rí nǹkan. Àwọn àgbà díẹ̀ sì ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mùsùlùmí òdodo a máa dárí jì." Ọmọ náà gbọ́ ti ìhà méjèèjì. Ó gbé ojú sókè wò mí, ó ní: "Àáfáà, bí mo bá dárí jì wọ́n, ṣé kí n máa ṣí orí lọ ni?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe wáàsí, ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọ yìí dí mi lẹ́nu. Ó ti rí ohun tí àwa àgbà kò rí, pé nǹkan méjì tí Ọlọ́run kò so pọ̀ ni àwa so pọ̀. À ń pe ìdákẹ́ ní ìdáríjì. À ń pe ìbẹ̀rù ní sùúrù. Ọmọ tí a bá kọ́ báyìí, nígbà tí ó bá dàgbà, ọ̀kan nínú méjì ni yóò dà: yálà ẹni tí gbogbo ayé ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí ẹni tí yóò gbẹ̀san gbogbo ọjọ́ tí ó ti fi dákẹ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ, nítorí pé ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Yusufu ni wọ́n sọ mí ní ọjọ́ kẹjọ tí ìyá mi bí mi. Nígbà tí baba mi mú mi lọ sí ilé-ìwé, olùkọ́ tí ó ń kọ orúkọ wa kọ "Joseph" sínú ìwé. Mo ní, "Sà, Yusufu ni." Ó ní ọ̀kan náà ni, kí n lọ jókòó. Joseph ni mo jẹ́ títí mo fi dé ìwé kẹta ní ilé-ìwé girama, níbi tí owó ti tán tí mo sì padà sí ìdí wàláà. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún baba mi, ó ní, "Dárí jì í, ọmọ mi." Baba mi kò fi ibi sọ ọ́. Àgbẹ̀ ni; ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá sọ̀rọ̀, wọ́n á lé mi. Ṣùgbọ́n èmi kò dárí ji ẹnikẹ́ni. Mo gbé e mì ni, ó sì há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Fún ọdún púpọ̀, bí mo bá gbọ́ tí wọ́n pe ẹnìkan ní Joseph, inú mi a máa bàjẹ́ sí onítọ̀hún, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣẹ̀ mí.

Kí ni Àlùkùránì wí sí ọ̀ràn yìí? Ẹ̀yin oníṣòwò, ọ̀dọ̀ yín ni n ó ti mú àpẹẹrẹ àkọ́kọ́. Nínú Súrà Bákárà, áyà 280, Ọlọ́run sọ fún wa pé bí ajigbèsè bá wà nínú ìnira, kí á fún un ní àyè títí yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí a bá sì fi owó náà ta á lọ́rẹ, èyí dára jù fún wa. Áyà kan ṣoṣo ni ó wà láàárín, ni áyà 282, èyí tí ó gùn ju gbogbo áyà Àlùkùránì lọ, fi pàṣẹ pé kí á kọ gbèsè sílẹ̀, kí akọ̀wé kọ ọ́ pẹ̀lú òdodo, kí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n Ọlọ́run! Ọba tí ó ní kí á yọ̀ǹda gbèsè, Òun náà ni ó ní kí á kọ ọ́. Ẹni tí ó mọ̀ pé ẹgbàárùn-ún náírà ni wọ́n jẹ òun, tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó wá ní, "Mo fi jì ọ́," ọlọ́lá ni ẹni náà. Ẹni tí kò mọ iye tí wọ́n jẹ ẹ́, tàbí tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí ó béèrè, kò yọ̀ǹda ohun kan. Owó rẹ̀ sọnù ni. Gbèsè tí a kò kọ sílẹ̀, a kò lè yọ̀ǹda rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀ṣẹ̀ tí ènìyàn ṣẹ ènìyàn.

Nítorí èyí ni Ọlọ́run, nínú Súrà Ṣúrà, láti áyà 39 dé 43, fi yin àwọn tí wọ́n dìde gba ara wọn nígbà tí a bá rẹ́ wọn jẹ, tí ó sọ pé kò sí ẹ̀bi lọ́rùn wọn, tí ó sì tún yin ẹni tí ó mú sùúrù tí ó dárí jì. Ojú kan náà ni ìyìn méjèèjì wà. Ẹni tí ó lè gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ìdáríjì dùn lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ tún wo Ànọ́bì Yusufu, tí èmi jẹ́ orúkọ rẹ̀. A jù ú sí ẹ̀wọ̀n láìṣẹ̀. Nígbà tí ọba ránṣẹ́ pé kí wọ́n mú un jáde, bí èmi àti ẹ̀yin bá ni, àwa ìbá ti sáré jáde láìwo ẹ̀yìn. Yusufu kò jáde. Ó ní kí ìránṣẹ́ padà lọ bi ọba léèrè nípa àwọn obìnrin tí wọ́n gé ọwọ́ ara wọn. Ó fẹ́ kí orúkọ òun mọ́ kí ẹsẹ̀ òun tó tẹ ìta. Àwọn obìnrin náà jẹ́wọ́, ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ náà jẹ́wọ́, nígbà náà ni ó tó jáde. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ìyàn mú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ra oúnjẹ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ohun tí wọ́n fi Yusufu ṣe. Wọ́n gbà pé àwọn ṣẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ ni ó sọ fún wọn pé kò sí ìbáwí fún wọn ní ọjọ́ òní. Òdodo ni ó ṣíwájú, ìdáríjì tẹ̀lé e. Ìdáríjì náà sì pé pérépéré, nítorí kò tún rán wọn létí kànga mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Súrà Núrì rí. Nígbà tí àwọn ènìyàn bà Àíṣà, ìyàwó Òjíṣẹ́ Ọlọ́run, lórúkọ jẹ́, Ọlọ́run kọ́kọ́ wẹ orúkọ rẹ̀ mọ́, ó sì fi ìyà lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá purọ́ mọ́ obìnrin rere. Lẹ́yìn èyí, ní áyà 22, ni ó wá rọ Àbúbákàrì, baba Àíṣà, pé kí ó má dá oore dúró lọ́wọ́ ìbátan rẹ̀ tí ó bá wọn sọ ọ̀rọ̀ náà. Inú súrà yìí kan náà, ní áyà 31, ni àṣẹ ìbòrí obìnrin wà. Ẹni tí ó bá wá sọ fún ọmọbìnrin pé kí ó ṣí orí rẹ̀ nítorí ìdáríjì, súrà kan ṣoṣo ni ó fà ya sí méjì.

Mo tẹ̀lé ẹ̀kọ́ yìí nígbẹ̀yìn. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo pàdé olùkọ́ mi àtijọ́ lọ́jà, ó ti darúgbó, ó ń ra iṣu. Ó rí mi, ó ní, "Joseph!" Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Mo ní, "Baba, Yusufu ni mí. Ó dùn mí púpọ̀ nígbà náà." Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "N kò mọ̀ pé ó dùn ọ́. Yusufu, má bínú." Mo bá a ru iṣu rẹ̀ dé ìdí mọ́tò. Ní ọjọ́ yẹn ni egungun náà bọ́ kúrò lọ́fun mi. Bí baba mi bá ti bá a sọ ọ̀rọ̀ yẹn ní ọjọ́ kìíní, n kò rò pé yóò gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo bí ọ̀ràn ìbòrí yìí ti rí ní ilẹ̀ wa. Àwọn ìjọ Onígbàgbọ́ ni ó kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn ilé-ìwé àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀rù ba àwọn baba wa pé bí orúkọ ọmọ bá ti yí, ẹ̀sìn rẹ̀ yóò tẹ̀lé e. Àwọn kan fi ọmọ wọn sílé, a sì ń jẹ èrè rẹ̀ títí dòní. Àwọn mìíràn ronú jinlẹ̀: ní ọdún 1923 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó, kí ọmọ Mùsùlùmí lè kàwé láìta ẹ̀sìn rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọ sí abẹ́ ara rẹ̀. Orúkọ ìjọ wà lára ògiri síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ni ó ń sanwó olùkọ́. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Onígbàgbọ́ ní, "Àwọn baba wa ni ó kọ́ ọ", òótọ́ ni. Mùsùlùmí ní, "Owó gbogbo wa ni ó ń bọ́ ọ", òótọ́ ni. Níbi tí òótọ́ méjì bá ti kọlu ara wọn, adájọ́ ni à ń wá, a kì í wá òkúta.

Àwọn kan wá adájọ́. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin láti lo ìbòrí ní ilé-ìwé ìjọba, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, MSSN, tí àwọn ọ̀dọ́ dá sílẹ̀ ní ọdún 1954, gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2014, Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ìkẹjà dá wọn lẹ́bi. Ẹ fojú inú wo bí yóò ti dun àwọn ọmọ náà tó! Wọn kò sun ilé-ìwé kankan nítorí rẹ̀. Wọ́n gba Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ, ó sì dá wọn láre ní Oṣù Keje ọdún 2016. Ìjọba náà kò gbà, ó di Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Àbújá. Ní ọjọ́ 17 Oṣù Kẹfà ọdún 2022, nínú adájọ́ méje, márùn-ún dá àwọn ọmọ náà láre, méjì kò gbà. Kò sí ilé ẹjọ́ mìíràn lókè èyí. Àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilé-ìwé nígbà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ti di géńdé kí ó tó parí. Sùúrù nìyẹn, kì í ṣe ìdákẹ́.

Ẹ rántí ọmọbìnrin kan pẹ̀lú, Firdaus Amasa, tí ó kàwé òfin ní Yunifásítì Ìlọrin. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2017, ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ di lọ́yà ní Àbújá, wọn kò jẹ́ kí ó wọlé nítorí pé ó fi wíìgì lọ́yà lé orí ìbòrí rẹ̀. Ó lè ṣí i fún wákàtí kan kí ó sì tún un dé. Kò ṣe é. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì ba nǹkan jẹ́. Ní Oṣù Keje ọdún 2018, wọ́n sọ ọ́ di lọ́yà tòun ti ìbòrí rẹ̀. Oṣù méje ni iye rẹ̀.

Àwọn mìíràn kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ní Ìjàgbó, ní Ìpínlẹ̀ Kúárà, ní Oṣù Kejì ọdún 2022, ọ̀ràn ìbòrí kan náà di ìjà láàárín àwọn àgbàlagbà níwájú ilé-ìwé. Ẹnìkan kú, ọ̀pọ̀ sì fara pa. N kò fẹ́ sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ju òkúta, nítorí ọmọ tí ó dúró lẹ́yìn fèrèsé kò kọ́ ìyẹn. Ohun tí ó kọ́ ni pé bí ẹ̀tọ́ ẹni bá bọ́, òkúta ni a fi ń wá a. Oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn náà ni ìdájọ́ Àbújá jáde, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti kú kò gbọ́ ọ.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀ràn ìbòrí nìkan ni mo ń bá wí. Ní Òkè-Ògùn wa yìí, àgbẹ̀ Yorùbá àti Fúlàní darandaran a máa tò sí sàfù kan náà ní ọjọ́ Jímọ̀. Bí màlúù bá wọ oko ẹ̀gẹ́ ní ọjọ́ Sátidé, a ó gbàgbé sàfù. Àwọn ọmọ wa sì gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìgángán ní Ìbàràpá, létí ilé wa níbí, ní Oṣù Kẹfà ọdún 2021, nígbà tí àwọn apànìyàn wọ ìlú lóru, tí wọ́n pa ènìyàn, tí wọ́n sì sun ilé. Kí ni kí á sọ fún ọmọ? Kí á sọ fún un pé oko tí màlúù jẹ, kí á wọ̀n ọ́n, kí á sanwó rẹ̀. Ẹni tí ó pànìyàn, kí ìjọba mú un kí ó sì jẹ́jọ́. Ẹni tí ó pe èyí ní àìdáríjì kò mọ Àlùkùránì. Kí á sì tún sọ fún un pé ọmọ Fúlàní tí ó jókòó tì í ní ilé-kéwú kò wà níbẹ̀, kò sì jẹ ẹ́ ní nǹkan kan. Ẹni tí ó bá ń gba gbèsè lọ́wọ́ ẹni tí kò jẹ ẹ́, olè ni.

Báwo ni a ó ti wá kọ́ ọmọ? Ohun tí mo ń ṣe ní ilé-kéwú mi kò le. Bí ọmọ bá gbé ẹjọ́ wá, mo jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán. N kì í sọ fún un pé "Dákẹ́, dárí jì í" kí ó tó sọ ọ́. Èkejì, mo ní kí ó sọ ohun tí a ṣe sí i gan-an, kí ó má bù mọ́ ọn, kí ó má bù kúrò. Ẹ̀kẹta, àgbàlagbà kan bá a lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ọ̀ràn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù. Bí ibẹ̀ kò bá gbọ́, a lọ sókè sí i. Ẹ̀kẹrin, bí ẹni tí ó ṣẹ̀ bá tọrọ àforíjì, kí ọmọ fi ẹnu àti ọwọ́ gbà á, kí ó má sì tún dárúkọ ọ̀ràn náà mọ́, nítorí àwọn baba wa ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Bí onítọ̀hún kò bá sì tọrọ rẹ̀ ńkọ́? Kí ọmọ fi ìbínú sílẹ̀ fún Ọlọ́run, kí ó má fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Òwe ilé tiwa náà ń bẹ. Ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, ilé wo ni kò sí Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ nínú rẹ̀? Bí ọmọ wa bá fi ọmọ Onígbàgbọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí tí ilé-ìwé Mùsùlùmí bá fi ipá bo orí ọmọ tí kì í ṣe tiwa, a ti sọ òṣùwọ̀n méjì sínú ṣọ́ọ̀bù wa. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ ohun tí Ọlọ́run sọ nípa ẹni tí ó ní òṣùwọ̀n méjì.

Ẹ ó fẹ́ gbọ́ bí ọ̀ràn ọmọ elélùbọ́ ti parí. A kò kó ọ̀dọ́ lọ. Èmi, baba rẹ̀ àti ìyá àgbà kan láti inú ẹgbẹ́ àsálátù ni a lọ ní ọjọ́ Mọ́ńdè náà, a mú ìbòrí tí ó ya dání. Ọ̀gá ilé-ìwé náà, Onígbàgbọ́ ni, wo aṣọ yẹn títí, ó ní, "Èyí kì í ṣe eré." Ó pe àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta náà àti olùkọ́ wọn. Àwọn méjì kúnlẹ̀ kíákíá. Ẹ̀kẹta kọ̀, baba rẹ̀ náà wá ní ọjọ́ kejì, ó ní ọmọ òun kò ní bẹ ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ náà ní kí a má bínú, ṣùgbọ́n kò wo ojú ọmọ náà. N kò lè sọ pé gbogbo rẹ̀ gún.

Ọ̀gá bi ọmọbìnrin náà bóyá ó ti dárí ji àwọn méjì. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo ti dárí jì wọ́n. Ṣùgbọ́n kí wọ́n bá mi fọ̀ ọ́." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọkùnrin náà pàápàá. Wọ́n fọ̀ ọ́ lóòótọ́ ní ìdí ẹ̀rọ omi ilé-ìwé, ìyá àgbà wa ni ó sì rán ibi tí ó ya. Ọmọ náà ń lo ìbòrí náà lọ sílé-ìwé. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí ojú abẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹta ṣì wà níbẹ̀, kò tíì sọ nǹkan. Ó ní òun kò bá a jà, òun kò sì ṣí orí nítorí rẹ̀.

Ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀ nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì fún mi. Kí Ọlọ́run Ọba Adáríjini fún àwọn ọmọ wa ní ọkàn tí ó fúyẹ́ àti ọrùn tí ó gún. Kí Ó má jẹ́ kí á fi ìbẹ̀rù tiwa kọ́ wọn. Àmín.